Àtúnṣe Píkọ́ọ̀pù ní Ojúde Ilé

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà yóò kọjá ní Ìkìrun, yóò kọjá ní Ìníṣà, yóò sì kọjá ní Òkukù. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Sátidé, tí ó sì fara balẹ̀ wo ojúde àwọn ilé tí ó wà lẹ́bàá títì, kò ní ṣàì rí píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n fi òkúta dí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn kí ó má baà yí, tí ẹnì kan sì nà gbalaja sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà lè jẹ́ mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ẹni tí ó ni ọkọ̀ gan-an ni: àgbẹ̀, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, oníṣòwò kòkó, tàbí ẹni tí ń kó iṣu lọ sí ọjà. Àwọn tí ń kọjá lọ nínú ọkọ̀ tuntun a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn a ní òṣì ni ó ń dà wọ́n láàmú. N kò bá wọn jiyàn pé àìlówó wà níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kì í ṣe àìlówó nìkan. Ìmọ̀ kan wà ní ojúde wọ̀nyẹn tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tí àwọn ìwé àṣà wa kò kà mọ́ àṣà, tí ó sì ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ kúrò lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa, ohun tí a fi ń rìn lórí omi ni à ń pè ní ọkọ̀. Nígbà tí ti orí ilẹ̀ dé, Yorùbá kò wá orúkọ lọ jìnnà. Wọ́n mú ọkọ̀ tí wọ́n ti ní lédè, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ kún un: ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọkọ̀ òfuurufú. Ayọ́kẹ́lẹ́ ni ti àwọn ọlọ́lá. Bọ́lẹ̀kájà ni ti èrò tí ó fún pọ̀ sórí pákó, tí ìjà kì í tán láàrin wọn. Ṣùgbọ́n píkọ́ọ̀pù kò rí orúkọ gbà. Kì í ṣe ayọ́kẹ́lẹ́, nítorí pé ẹrù ni a rà á fún; kì í sì í ṣe lọ́rì, nítorí pé kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Iwájú rẹ̀ jẹ́ ti ọlọ́lá, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti alábàárù. Bóyá nítorí pé kò dúró sójú kan yìí ni ẹnikẹ́ni tí ó bá rà á ṣe ń rò pé òun ní ẹ̀tọ́ láti yí i padà sí ohun tí ó wù ú.

Kì í sì í ṣe òní ni a ti ń parí ọkọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Àwọn lọ́rì Bedford tí wọ́n gba ojú ọ̀nà wa kan lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, orí àti egungun wọn ni ó máa ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá: iwájú, ẹ́ńjìnnì, ṣáàsì àti ẹsẹ̀. Káfíńtà ilé wa ni ó ń fi pákó kan ara wọn, tí ó ń ṣe ìjókòó sí i, kí ẹlòmíràn tó wá fi ọ̀dà kọ òwe tàbí àdúrà sí iwájú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pe iṣẹ́ káfíńtà náà ní bíba ọkọ̀ jẹ́. Láìsí i, kò tilẹ̀ sí ọkọ̀. Ojú irin ti dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sí òkè Ọya, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kì í yà sí oko ẹnikẹ́ni. Ẹrù ni ó ń lọ bá a ní ibùdó. Lọ́rì àti píkọ́ọ̀pù ni wọ́n ń wá ẹrù lọ sí ibi tí ó wà, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà lọ kì í ṣe irú èyí tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà ní lọ́kàn. Nítorí náà, kò sí ọkọ̀ tí ó ti òkèèrè dé tí kò nílò kí a tún un ṣe kí ó tó lè bá wa gbé.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, Peugeot 404 ni píkọ́ọ̀pù tí ó gbajúmọ̀ jù lójú wa. Ọdún 1960 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé 404 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó gba ipò kìíní nínú eré ọkọ̀ Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ní ọdún 1963, 1966, 1967 àti 1968. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè bẹ̀rù ọ̀nà oko Ìníṣà. Nígbà tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 pọ̀ ní Kàdúná ní oṣù kẹta ọdún 1975, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó mọ ọkọ̀ yìí tún tú u, tí ó sì mọ̀ ọ́n tò padà, wá pọ̀ sí i jákèjádò ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọdún 1981 ni bàbá mi, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó tún ń dáko, ra píkọ́ọ̀pù 404 àlòkù kan. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà náà. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti igi ìdáná ni ó fi ń kó láàrin ọ̀sẹ̀. Fún ọjọ́ ìsinmi, ó ní kí káfíńtà kan àga gígùn méjì tí a lè gbé wọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí a sì gbé jáde, ó sì ní kí wélídà tẹ irin mẹ́rin tí a lè ta tapólì lé lórí. Báyìí ni ọkọ̀ alábàárù ṣe ń di ọkọ̀ ẹbí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí yóò sì padà di alábàárù ní àárọ̀ Mọ́ńdè.

Mẹkáníìkì tí ó kọ́kọ́ ń bá wa tọ́jú rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìníṣà tí ó kọ́ṣẹ́ ní Kùmásí. Ó wà lára àwọn Yorùbá tí wọ́n padà wálé nígbà tí ìjọba Gánà pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde. Ohun tí ó kó bọ̀ kò ju àpótí sípánà kan àti ohun tí ó wà lórí rẹ̀ lọ. Bàbá mi a máa pè é ní Ọ̀gá. Òun náà a máa pe bàbá mi ní Tíṣà. Ní ọjọ́ kan ó wí fún un pé, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì mí kí ẹ máa wò ó. Ọjọ́ tí ọkọ̀ yìí bá kú sí oko, èmi kọ́ ni yóò wà níbẹ̀." Bàbá mi jókòó tì í. Nígbà tí ó fi máa di ọdún kejì, ó ti lè ṣí kábúrétọ̀, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì tò ó padà láìsí pé nǹkan kan ṣẹ́kù sílẹ̀.

Báyìí ni ojúde wa ṣe di ilé-ẹ̀kọ́. Àwa ọmọ ni a ń di tọ́ọ̀ṣì mú, a sì ń na sípánà. Nọ́ńbà ni a fi mọ sípánà: 10, 13, 17, 19. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé òwe náà kì í ṣe àfiwé lásán, nítorí pé ibì kan wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì tí ó jẹ́ pé ọwọ́ àbúrò mi nìkan ni ó wọ̀ ọ́. Bí bátìrì bá kú, a ó ti irin gígùn kan bọ ihò tí ó wà níwájú 404 náà, a ó sì fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí yóò fi dáhùn. Ọ̀gá fi bí a ṣe ń di irin yẹn mú hàn wá: àtàǹpàkò kò gbọdọ̀ yí i ká, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni kí ó wà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù, nítorí pé bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, ó lè ṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Irú ẹ̀kọ́ báyìí kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà ní ilé-ìwé. Ara ni ó ń gbé e wọ inú ara ẹlòmíràn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìjọba ológun Babangida dá ọjà pàṣípààrọ̀ owó tuntun sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, dọ́là kan kò tó náírà 2. Láàrin ọjọ́ díẹ̀ ó ti lé ní náírà 4, kò sì padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ohun èèlò ọkọ̀ tí olùkọ́ lè fi díẹ̀ nínú owó oṣù rà wá di ohun tí yóò gba owó oṣù náà tán. Ìgbà yìí ni àtúnṣe kúrò ní títú àti títò, tí ó di wíwá ohun tí a ó fi rọ́pò. Bí a kò bá rí ádán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì bá bàjẹ́ ní ibi tí kò ti gbóná púpọ̀, bàbá mi a tẹ́ páálí nípọn lé ojú irin náà, a sì máa fi òòlù kékeré gbá etí rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí irin fúnra rẹ̀ yóò fi gé e bí ó ti yẹ. Bí táǹkì bá ń jò, a ó fi ọṣẹ ìfọṣọ dí i kí a tó rí wélídà, nítorí pé bẹntiróò kì í yọ́ ọṣẹ bí omi ti ń yọ́ ọ. Rọ́bà táyà àlòkù ni a gé sí ibi tí irin bá ti ń gbá irin. Alágbẹ̀dẹ ni ó rọ ìkọ́ tí a fi ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Ní ọdún 1994 ẹ́ńjìnnì náà nọ́ọ̀kì. Owó tuntun kò sí. Bàbá mi rí ẹ́ńjìnnì 504 kan rà ní Òṣogbo, èyí tí ọkọ̀ rẹ̀ ti run nínú jàǹbá, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ṣì dára. Ìran kan náà ni ẹ́ńjìnnì 404 àti ti 504, wọn kò sì ṣàjèjì sí ara wọn. Síbẹ̀, ó gba Sátidé mẹ́rin kí wọ́n tó gbà láti gbé pọ̀. A gbé ìjókòó rẹ̀ síwájú díẹ̀, a gé sálẹ́ńsà, a sì tún un jó, a wá okùn gíréńjì mìíràn tí ó gùn tó. Nígbà tí ó dáhùn ní Sátidé kẹrin, ìyá mi tí ó ti ń bínú láti ọ̀sẹ̀ kejì pé epo dúdú ba gbogbo aṣọ jẹ́ ni ó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Èdè wa ti sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa. Ọ̀rọ̀ náà *tún* ni ó ń sọ fún ni pé a ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kan sí i: ó tún lọ, ó tún sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni a fi ń sọ pé a sọ ohun tí ó bàjẹ́ di rere: ó tún ọkọ̀ ṣe. Lójú elédè, ẹni tí ó tún nǹkan ṣe ti ṣe nǹkan náà lẹ́ẹ̀kejì. Òun náà ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe é. A kò sì fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sórí irin àti igi. A ń tún ìlú ṣe, a ń bẹ Ọlọ́run kí ó tún ayé wa ṣe, a ń sọ fún ọmọ kí ó tún ìwà rẹ̀ ṣe. Bí àtúnṣe bá jẹ́ àmì òṣì, a jẹ́ pé òṣì ni à ń tọrọ nínú àdúrà wa.

Àpẹẹrẹ kan wà nítòsí tí ó tún mú ọ̀rọ̀ yìí yé mi sí i. Karin Barber, onímọ̀ tí ó gbé ní Òkukù ní àwọn ọdún 1970, kọ ìwé kan lórí oríkì ìlú náà, èyí tí ó jáde ní ọdún 1991. Ó fi hàn níbẹ̀ pé oríkì kì í ṣe ìtàn tí ẹnì kan jókòó kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹyọ-ẹyọ ni ó ń wá, láti ọ̀dọ̀ onírúurú ènìyàn àti láti ìgbà tí ó yàtọ̀ síra. Ẹni tí ń kì í ni ó ń tò wọ́n pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń tọ́ka sí ibi tí a ti mú un wá. Bí mo ṣe ń wo píkọ́ọ̀pù bàbá mi nìyẹn. Ilẹ̀kùn ọ̀tún rẹ̀ ti Ìlọrin wá ní ọdún 1989. Àwọ̀ rẹ̀ kò sì bá ti òsì mu rí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti Òṣogbo wá. Pákó tí ó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti igi tí a gé ní oko wa fúnra wa. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà yóò ka ìtàn ilé wa lára rẹ̀: ọdún tí owó wà, ọdún tí kò sí, ọdún tí àbúrò mi wọ yunifásítì tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mẹ́nu kan ọ̀dà.

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ yìí ń gbà sọ̀rọ̀ tún yẹ kí a kọbi ara sí. Ọkọ̀ a máa mu epo, a máa jẹ táyà, a máa wúkọ́, ara rẹ̀ a máa gbóná. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́, wọn a ní ó kú. Bí ó bá dáhùn, ó jí. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé àwàdà ni, ṣùgbọ́n ìlànà ìwádìí àìsàn ni. Ọ̀gá a máa fi ẹnu sukudiráfà gígùn kan lé ara ẹ́ńjìnnì, a sì fi ìdí rẹ̀ lé etí ara rẹ̀, a sì máa gbé e kiri láti ojú kan dé òmíràn títí yóò fi gbọ́ ibi tí ariwo náà ti ń jáde. Èéfín ni ó fi ń mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú. Bí ó bá funfun tí kò dáwọ́ dúró, omi ń wọ ibi tí kò yẹ. Bí ó bá dà bí aró, ọ́ìlì ni ó ń jó. Bí ó bá dúdú kirikiri, bẹntiróò ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Mo ti bá àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe sọ̀rọ̀ ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, kò sì sí ìlú tí mo dé tí wọn kò to àmì yìí lẹ́sẹẹsẹ fún mi bí oníṣègùn ti ń to ewé.

Àwa nìkan kọ́ ni a ní irú ìmọ̀ yìí. Ní Kúbà, lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1959, tí Amẹ́ríkà sì dá òwò dúró pẹ̀lú wọn ní ọdún 1962, kò sí ibi tí àwọn tí ó ni Chevrolet àti Ford àwọn ọdún 1950 yóò ti rí ohun èèlò rà mọ́. Wọn kò ju ọkọ̀ wọn nù. Ní ojúde ilé ni wọ́n ti ń tún wọn ṣe, tí wọ́n ń rọ ohun tí wọn kò rí rà, tí àwọn mìíràn sì ń fi ẹ́ńjìnnì dísù tàbí ti ọkọ̀ Rọ́ṣíà sínú wọn. Ní erékùṣù yìí kan náà ni wọ́n ti ń bọ Ògún, òrìṣà irin, tí àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú gbé débẹ̀. N kò sọ pé Ògún ni ó kọ́ wọn ní mẹkáníìkì. Àìní ni ó kọ́ wọn, bí ó ti kọ́ wa, bí ó sì ti kọ́ àwọn ará Suame Magazine ní Kùmásí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Àwọn arìnrìn-àjò ń san owó kí wọ́n lè gun ọkọ̀ ti Kúbà, wọ́n sì ń ya àwòrán rẹ̀ lọ sílé. Tiwa, àwa fúnra wa ni a ń bu ẹ̀tẹ́ lù ú.

Bí mo bá sì fi ìyìn nìkan parí ọ̀rọ̀ yìí, òtítọ́ kò tíì pé. Ní ọdún 1998, ìbátan wa kan ní Òkukù tí ó ní píkọ́ọ̀pù 504 fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ máa kó iṣu ju bí ó ti ń kó tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n fi ewé sípíríǹgì kún ti ẹ̀yìn, kí wélídà sì fi irin gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga. Iṣẹ́ náà dára lójú. Bí ẹrù ti wù kí ó pọ̀ tó, ẹ̀yìn ọkọ̀ kò wọlẹ̀ mọ́, gbogbo wa sì yìn ín. Ní ọjọ́ ọjà kan, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè lọ sí ibi afárá, ó tẹ bíréèkì, bíréèkì kò mú. Àwọn méjì tí wọ́n jókòó lórí iṣu kò padà wálé.

Bíréèkì ni awakọ̀ ń pè é, ṣùgbọ́n orúkọ tí Yorùbá ń fún un ṣe kedere jù: ìjánu. Wọ́n fi kún ohun tí ẹṣin lè rù, wọn kò fi kún ìjánu. Bíréèkì ń sọ eré ọkọ̀ di ooru. Bí ìwúwo ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lápapọ̀ bá di ìlọ́po méjì lórí eré kan náà, ooru tí bíréèkì gbọ́dọ̀ gbà di ìlọ́po méjì. Bí omi bíréèkì bá ti gbó, tàbí bí ẹnì kan bá ti fi omi ọṣẹ rọ́pò rẹ̀ nítorí pé kò ní owó, omi náà yóò hó nínú páìpù, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò sì tẹ òfo. Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, wọ́n sì ń kìlọ̀ pé kí a má da èrò pọ̀ mọ́ ẹrù. Àwọn tí wọ́n ní píkọ́ọ̀pù a máa ka ìkìlọ̀ yìí sí ìyọnu. Ẹni tí ó bá bá wa dé ojú oórì méjì yẹn kò ní kà á sí ìyọnu mọ́.

Nígbà tí ìròyìn náà dé Ìníṣà, Ọ̀gá sọ gbólóhùn kan tí n kò gbàgbé. Ó ní, "Tíṣà, ohun tí ó ń mú ọkọ̀ lọ, ẹ lè mánéèjì rẹ̀. Ohun tí ó ń dá a dúró àti ohun tí ó ń yí i, ẹ má mánéèjì rẹ̀ láé." Gbogbo ìwà tí ó yẹ kí ó bá iṣẹ́ yìí rìn wà nínú gbólóhùn náà. Òòbẹ̀ dára fún ẹbọ kan. Ẹbọ mìíràn wà tí kò gba òòbẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ méjèèjì ni onímọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, bí ọwọ́ rẹ̀ ti yá tó ni ewu rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ìdí nìyí tí ọkàn mi kò fi balẹ̀ lónìí. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Bẹntiróò tí lítà rẹ̀ kan jẹ́ nǹkan bí ₦190 kọjá ₦480 láàrin ọjọ́ díẹ̀, ó sì ti kọjá ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Náírà náà jábọ́: dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí ₦460 ní ojú ìwé ìjọba kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé ti lé ní ₦1,500 nígbà tí ó fi di oṣù kejì ọdún 2024. Iye owó ọkọ̀ tòkunbọ̀ gba ojú ọ̀run lọ. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tí koríko ti bò ni a tún gbé jáde. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Ọ̀gá ti lọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ń lọ. Ọmọ iṣẹ́ kò wọ́pọ̀, nítorí pé ìkọ́ṣẹ́ a máa gba ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kadà ń mú owó wá ní ọjọ́ tí ènìyàn bá gùn ún. Àwọn tí ó sì kọ́ṣẹ́ lórí ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tí wọn yóò ṣe pẹ̀lú kábúrétọ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ padà sí ojúde, ìmọ̀ kò bá a padà. Ohun tí ó bá ti báyìí wọ ọjà ni mánéèjì tí kò ní ààlà.

Àwọn tí ń ra àjákù irin kò sì sùn. Ní ọdún 2024 ọ̀kan nínú wọn dé ilé wa ní Ìníṣà, ó wo 404 náà yí ká, ó sì sọ iye tí yóò san. Bàbá mi ti fi ayé sílẹ̀ láti ọdún 2011. Àbúrò mi kékeré, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń wọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì nígbà náà, ni ó ń fi ọkọ̀ náà kó iṣu àti ẹ̀gẹ́. Àwa ọmọ ìyá rẹ̀ pe ìpàdé lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Àwọn méjì tí wọ́n wà lókè òkun ní kí a tà á, kí a sì fi owó náà tún ojú oórì bàbá ṣe. Àbúrò mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún oórì bàbá ṣe tán, kí ni n ó fi kó iṣu?" Ẹnikẹ́ni kò rí èsì fún un.

N kò sọ pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà títí láé. Bí ó bá tán, ó tán. Alágbẹ̀dẹ yóò ra ewé sípíríǹgì rẹ̀, yóò sì fi rọ àdá àti ọkọ́, iṣẹ́ oko yóò sì máa bá a lọ. Ohun tí mo bá wọn sọ ni pé kò tíì tán, àti pé bí a óò bá jẹ́ kí ó máa rìn, kí a san owó ìjánu rẹ̀ kí a tó san ti ọ̀dà. Wọ́n gbà. A dá owó jọ, a ra ohun èèlò bíréèkì tuntun fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a pààrọ̀ àwọn páìpù rẹ̀, a sì yọ ewé sípíríǹgì kan tí ẹnì kan ti fi kún un láìbi ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi ṣe ìlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní jókòó lórí ẹrù mọ́. Ó mú ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan àti ọmọ aládùúgbò kan mọ́ra, tí wọ́n ń di tọ́ọ̀ṣì mú ní ọjọ́ Sátidé bí àwa ti ń ṣe.

Ní tèmi, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan ní Ìkìrun, èyí tí wọ́n ń pè é ní Òkukù, àmì tí wọ́n ń wò, ohun tí wọ́n fi ń rọ́pò ohun tí kò sí, àti ohun tí wọ́n ní kí a má fi ohunkóhun rọ́pò. A ti kọ ìwé lórí ọdẹ, lórí agbẹ́gilére, lórí aláró àti lórí alágbẹ̀dẹ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni ẹni tí ó nà gbalaja sábẹ́ píkọ́ọ̀pù yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá iṣẹ́ ìwádìí, kí ó lọ jókòó tì í ní Sátidé kan, kí ó sì mú ìwé àti bírò dání, nígbà tí ẹni tí yóò dá a lóhùn ṣì wà.